Bí A Ṣe Ń Yan Búrẹ́dì Ọlọ́gbà Òdòdó Láìlo Ọkà ní Ìgbà Ìrúwé

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ, tí wọ́n ti sún aago síwájú ní wákàtí kan, tí òdòdó daffodil sì ti yọ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tó fẹ́ràn láti máa yan nǹkan nílé a máa fi àlùbọ́sà, tàtàṣé àti ewé olóòórùn dídùn ya ọgbà òdòdó sórí focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ olóròóró tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì wá. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì lọ́dún Àjíǹde, ojú á sì ti jẹun kí ẹnu tó débẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín jọ tiwọn lójú, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe é, kò sí ọkà kankan nínú rẹ̀: kò sí àlìkámà, kò sí ọkà báálì, kò sí àgbàdo, kò sí ìrẹsì, kò sí ọkà bàbà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe àmàlà ní ọkà. Iṣu ni ti ìyẹn, kò sí lára ohun tí à ń sá fún.

Gluten ni èròjà inú àlìkámà àti àwọn ọkà mélòó kan tí ó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò máa fà. Búrẹ́dì tí kò ní gluten àti búrẹ́dì tí kò ní ọkà kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí celiac, àìsàn inú tí gluten ń dá sílẹ̀, ń bá jà kò gbọdọ̀ fẹnu kan àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà rye, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti àgbàdo kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tí kì í jẹ ọkà rárá ní láti yẹra fún gbogbo wọn, nítorí náà àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ “gluten free” sí lára kò tíì tó fún un, torí pé ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ti àgbàdo ló sábà máa ń kún inú rẹ̀.

Kí n tó mẹ́nu kan ìwọ̀n, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó máa ń ba búrẹ́dì yìí jẹ́, nítorí òun ni mo ń tìtorí rẹ̀ sọ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi ni. Nínú búrẹ́dì àlìkámà, gluten máa ń fà bí rọ́bà, ó sì ń di afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú jáde mú bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ bàlúù. Ẹ̀gẹ́ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, sítáàṣì tí ó bá sì rí omi àti ooru á mu omi náà, á wú, á sì máa lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tó ti ro láfún tàbí tó ti po sítáàṣì aṣọ rí ti mọ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, inú búrẹ́dì á dà bí fùfú. Bí ó bá kéré jù, á máa rún bí iyanrìn. Tòmátò tí a fi ṣe òdòdó tún ní omi tirẹ̀, àlùbọ́sà ní tirẹ̀, oru tí kò tíì jáde nínú búrẹ́dì nígbà tí a fi ìkánjú gé e, omi náà ni.

Ìyẹ̀fun tí ẹ máa rà

Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a nílò ni èyí tí wọn kò rẹ. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kíákíá ni wọ́n sì ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti wú u kí ó má bàa kan. Ó máa ń funfun, kì í sì í rùn. Irú rẹ̀ ni ìjọba Nàìjíríà ní ayé Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun fi ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ kún ti àlìkámà lọ́dún 2005, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn fi yan búrẹ́dì tí ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ tó ìdá 40. Nínú búrẹ́dì ti wọn, àlìkámà ṣì ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́ ró. Pé ẹ̀gẹ́ lè dá dúró, àwọn ará Minas Gerais ní Bùràsíìlì ti fi hàn tipẹ́ pẹ̀lú pão de queijo, àkàrà wàràkàṣì kékeré tí wọ́n ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ yan. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti wá kí àwọn Potogí tó gbé e dé etíkun wa.

Láfún kọ́ là ń sọ o. Ọjọ́ mélòó kan ni a fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún sómi kí ó tó rọ̀, ó ti kan kí a tó sá a, òórùn rẹ̀ á sì borí gbogbo ewébẹ̀ tí ẹ bá tò sórí búrẹ́dì. Kókóńtè tí àwọn ará Gánà ń tà máa ń ṣú bí ó bá ti rí iná. Àpò tí wọ́n kọ fufu sí lára nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń jẹ́ àdàlù ọ̀dùnkún àti sítáàṣì, nítorí náà ẹ yí ẹ̀yìn àpò padà kí ẹ ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àṣìṣe tí èmi kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ gàrí Ìjẹ̀bú kúná, mo ní ẹ̀gẹ́ kan náà ṣáà ni. Gàrí ti jiná lórí agbada kí ó tó dé ọwọ́ wa. Bí ó ti fẹnu kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó wú lójú ẹsẹ̀, kò sì ku àyè fún ìwúkàrà láti gbé nǹkan kan dìde. Àǹtí mi tí wọ́n wá kí mi lọ́jọ́ náà wo àwo tí mo gbé síwájú wọn, wọ́n wo òdòdó tàtàṣé orí rẹ̀ fínnífínní, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀bà yìí mà rẹwà o. Ọbẹ̀ wo la fẹ́ fi jẹ ẹ́?”

Ohun tí yóò bá wa ṣe iṣẹ́ gluten ni èèpo irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní psyllium, ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti ń wá jù. Bí ó bá dé inú omi, á yọ̀ bí ewédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjábẹ̀ já, láìpẹ́ á sì dì. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti lọ̀. Ìyẹ̀fun álímọ́ńdì ni ó tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sítáàṣì lẹ̀ mọ́ra jù. Bí ẹnìkan nínú ilé kò bá lè jẹ álímọ́ńdì, ìyẹ̀fun òfíò dára púpọ̀, èmi gan-an sì fẹ́ràn rẹ̀ ju álímọ́ńdì lọ, torí ó ní adùn díẹ̀ lára. Abẹ́ ilẹ̀ ni òfíò ti ń ta bí iṣu. Kì í ṣe èso igi bí orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un, tiger nut, ṣe fẹ́ kí a rò.

Mi ò fi baking powder sí i rárá. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ló ní sítáàṣì àgbàdo tàbí ìyẹ̀fun ọkà mìíràn nínú, ẹni tí kì í jẹ ọkà kì í sì í ronú kàn án. Yàtọ̀ sí èyí, bí sódà inú rẹ̀ bá pọ̀, ó lè sọ àlùbọ́sà elésè àlùkò di aláwọ̀ ewé tó ṣá, òdòdó yín á wá dà bí ohun tó bu.

Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí, fún àwo ìyan-búrẹ́dì kan tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 23, tí ó sì gùn ní 33:

Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ, 200 gíráàmù
Sítáàṣì ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n máa ń kọ tapioca sí lára, 100 gíráàmù
Ìyẹ̀fun álímọ́ńdì tàbí ti òfíò, 100 gíráàmù
Èèpo psyllium lílọ̀, 20 gíráàmù
Yíìsì gbígbẹ, 7 gíráàmù
Ṣúgà, 10 gíráàmù
Iyọ̀, 8 gíráàmù
Ẹyin adìyẹ 2
Omi, 370 mìlílítà, tí a ó pín sí 250 àti 120
Òróró ólífì, 40 mìlílítà fún inú rẹ̀, àti nǹkan bí 40 mìíràn fún àwo àti ojú búrẹ́dì
Fínígà, 10 mìlílítà

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ife kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a tẹ̀ mọ́ inú ife máa ń wúwo púpọ̀ ju èyí tí a rọra bù lọ.

Ewébẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, ẹ gé ewébẹ̀ yín, kí omi ara wọn lè ráyè ro dànù. Ẹ la tòmátò kéékèèké sí méjì, ẹ yọ hóró inú wọn, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì da ojú wọn dé orí pépà ìnuwọ́ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ óò rí bí pépà náà ṣe máa rin gbingbin, gbogbo omi yẹn ni ì bá wọnú búrẹ́dì. Ẹ gé àlùbọ́sà elésè àlùkò ní òrùka-òrùka, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ ta fínígà díẹ̀ sí fún 10 ìṣẹ́jú, nítorí ohun kíkan ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá nínú ààrò, lẹ́yìn náà kí ẹ nù ún gbẹ táútáú. Èso ólífì dúdú tí ó ti inú omi iyọ̀ wá náà, ẹ nù ún. Ní ti ewé wẹ́wẹ́ bíi chives, pásílì àti rosemary, ẹ fi òróró pa wọ́n lára láti orí dé ìdí, torí ewé tí kò ní òróró lára á jóná kí búrẹ́dì tó jiná. Ẹ̀fínrín wa máa ń dúdú pátápátá bó ti wù kí a pa á lóròóró tó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àwo ìyan-búrẹ́dì lé orí pépà funfun kan, ẹ fi bírò yí i ká, kí ẹ sì to gbogbo ọgbà náà sórí pépà yìí gan-an bí ẹ ṣe fẹ́ kí ó rí. Ó lè dà bí iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ kì í gbàgbé. Bí ẹ bá gbé òdòdó kan lé e, tí ẹ tún ṣí i kúrò, àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí dìgbà tí ẹ máa jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ẹwà. Òdòdó gidi tí ẹ bá rà lọ́wọ́ olódòdó kì í ṣe oúnjẹ, oògùn kòkòrò wà lára rẹ̀. Daffodil gidi ní májèlé nínú, àti òdòdó rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ tí ó jọ àlùbọ́sà. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ó máa ń já ewé aáyù ìgbẹ́ nínú igbó ní oṣù Kẹrin, ẹ rántí pé ewé lily of the valley jọ ọ́ gidigidi, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ fi ọwọ́ ra ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá ti já mélòó kan, ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ á ti máa rùn bí aáyù, ìdánwò náà kò sì ní wúlò mọ́.

Pípò àti wíwú

Ẹ da psyllium sínú omi 250 mìlílítà tí kò gbóná, kí ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń dà á kí ó má bàa ṣe kókó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 títí yóò fi dì. Nínú ife mìíràn, ẹ po yíìsì àti ṣúgà mọ́ omi 120 mìlílítà tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 38°C. Ẹni tí kò ní ohun ìwọnná lè ti ìka bọ̀ ọ́: bí ó bá ta ìka, ó ti gbóná jù, á pa yíìsì. Lẹ́yìn 10 ìṣẹ́jú ó yẹ kí ó ti hó. Bí kò bá hó, yíìsì yẹn ti kú, ẹ má fi ìyẹ̀fun ṣòfò lé e lórí.

Ẹ po ìyẹ̀fun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti iyọ̀ pọ̀ nínú abọ́ ńlá, ẹ wá da psyllium, yíìsì, ẹyin tí ẹ ti lù, òróró àti fínígà sí i. Ẹ fi ọmọrogùn pò ó dáadáa fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Kò sí ohun tó ń jẹ́ gbígún tàbí fífà níhìn-ín, nítorí kò sí gluten tí a fẹ́ jí. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí ni bí àmàlà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, tí kò tíì le: ó ki ju àkàrà tí a fẹ́ dín lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní le débi tí a fi lè bù ú ní òkèlè tí ó dá dúró. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kan máa ń mu omi ju òmíràn lọ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó pinnu pé ó nílò omi sí i, bí ó bá sì nílò rẹ̀, ṣíbí kan-kan ni kí ẹ máa fi kún un.

Ẹ tẹ́ pépà ìyannǹkan sínú àwo, ẹ da ṣíbí òróró méjì sí i, ẹ da ìyẹ̀fun pípò náà sí i, kí ẹ fi ọwọ́ olóròóró tẹ́ ẹ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Báyìí ni kí ẹ fi ìka tẹ àwọn ihò pẹlẹpẹlẹ sí ojú rẹ̀. Nínú focaccia àlìkámà, ẹ̀yìn ìgbà tí ó bá ti wú ni wọ́n ń tẹ ihò. Èyí tiwa kò lè gbé ara rẹ̀ dìde padà bí a bá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ní Genoa nílẹ̀ Ítálì, wọ́n tún máa ń da omi iyọ̀ àti òróró lé e lórí kí wọ́n tó yan án. Èmi ti gbìyànjú rẹ̀, ojú búrẹ́dì náà sì di bíi ẹ̀kọ. Òróró nìkan ti tó.

Ẹ bò ó, kí ẹ gbé e síbi tó móoru. Ilé ìdáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹrin ṣì lè tutù, nítorí náà mo máa ń gbé e sínú ààrò tí mi ò tàn, pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú, nígbà tí ó bá ti ń wú ṣùgbọ́n tí kò tíì wú tán, ni kí ẹ ya ọgbà yín, kí ẹ tún fi í sílẹ̀ fún bíi 20 ìṣẹ́jú kí ó lè wú yí ewébẹ̀ ká, kó sì dì wọ́n mú. Kò gbọdọ̀ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá ti fi ìlàjì ju bí ó ṣe wà lọ, ó tó. Èyí tí a fi sílẹ̀ títí tí ó fi wú jù á rì nínú ààrò, ọgbà yín á sì di kòtò.

Yíya ọgbà náà

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ólífì dúdú tí a gé wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀. Ewé àlùbọ́sà eléwé tí a là ní gígùn ni igi òdòdó, chives ni koríko, ewé pásílì sì ni ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí òdòdó ni ìkẹyìn.

Tulip ni ó rọrùn jù. Ẹ gé ara tàtàṣé pupa kan ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ẹ fi ọ̀bẹ kékeré gé orí rẹ̀ ní ṣóńṣó mẹ́ta bí adé, ẹ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó rí rogodo bí ìdí ife, kí ẹ sì tẹ́ ẹ kí èèpo rẹ̀ dídán wà lókè. Fún daffodil, ẹ gé tàtàṣé aláwọ̀ ìyeyè sí ewé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, nítorí mẹ́fà ni daffodil ní, ẹni tí ó bá fi márùn-ún ṣe é, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á rí i sí i. Ẹ tò wọ́n yí òrùka kárọ́ọ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ká. Òrùka àlùbọ́sà tí a tò bọra wọn láti ńlá dé kékeré á di òdòdó ńlá láìsí wàhálà kankan, tòmátò tí omi rẹ̀ ti ro sì lè jókòó sí àárín rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ohun kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀, ìwọ̀nba kí ó má lè yọ̀.

Ẹ má bo ju ìdajì ojú búrẹ́dì lọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti fi òdòdó kan sí i, ṣùgbọ́n abẹ́ ibi tí ewébẹ̀ bá kún fọ́fọ́ kì í jiná, torí oru kò rí ibi gbà jáde. Àyè tó ṣófo láàárín òdòdó méjì ni ó tilẹ̀ ń jẹ́ kí ojú dá òdòdó mọ̀.

Yíyan rẹ̀

Ẹ ti tan ààrò sí 220°C, tàbí 200°C bí ó bá jẹ́ oníafẹ́fẹ́, ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú ṣáájú, pẹ̀lú páànù pẹrẹsẹ kan lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Orí páànù gbígbóná yìí ni kí ẹ gbé àwo búrẹ́dì lé, kí ìdí rẹ̀ lè tètè rí iná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ dín iná kù sí 190°C, tàbí 170°C, kí ẹ sì yọjú wò ó: bí orí òdòdó bá ti ń pọ́n jù, ẹ fi fọ́ìlì bò ó láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹ tún fi í sílẹ̀ fún 20 sí 25 ìṣẹ́jú. Ojú búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ máa ń pọ́n tipẹ́ kí inú rẹ̀ tó jiná, nítorí náà ẹ má gba ojú gbọ́. Ohun ìwọnná tí a gún dé àárín gbọ̀ngbọ̀n gbọ́dọ̀ kà tó 97°C, abẹ́ tòmátò sì ni kí ẹ gún, torí ibẹ̀ ló máa ń jiná kẹ́yìn. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ fi igi ẹran súyà gún un. Bí ó bá jáde pẹ̀lú nǹkan tó ń fà, ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 5 sí i.

Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àwo fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e jáde sórí wáyà kí abẹ́ rẹ̀ má bàa làágùn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì olóròóró pa ojú rẹ̀ kí ewé lè tún máa dán, kí ẹ sì kúrò nídìí rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Sítáàṣì ṣì ń dì ní gbogbo àsìkò yẹn. Búrẹ́dì tí ó ti jiná dáadáa, tí a bá gé e ní gbígbóná, á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ẹni pé kò rí iná rí, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti torí bẹ́ẹ̀ dà á nù. Òdòdó viola tútù tí a gbìn fún jíjẹ, bí ẹ bá ní, ìgbà tí ó bá tutù tán ni kí ẹ tó fi sí i.

Ọ̀bẹ eléyín ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ sì gba àárín òdòdó kọjá dípò kí ẹ gé orí wọn. Ọjọ́ tí a yan án ni ó dùn jù. Má ṣe fi sínú fíríìjì ni mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé mi, torí ibẹ̀ ni ó ti máa ń tètè le. Ẹ gé èyí tó bá ṣẹ́ kù ní ègé-ègé, ẹ fi pépà sáàárín wọn, kí ẹ gbé e sínú fírísà. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ sọ ọ́ sínú ààrò gbígbóná fún ìṣẹ́jú 8 láìdúró kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́.